Dífídẹ́ǹdì, bọ́ǹdì ìjọba tàbí owó ilé: èwo ni kí a gbé owó oṣooṣù lé?

Ẹni tó bá ń wá owó tí yóò máa wọlé láìjẹ́ pé ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ìbéèrè méjì ló yẹ kó kọ́kọ́ bi ẹnikẹ́ni tó bá gbé ìdókòwò wá bá a. Oṣù wo gan-an ni owó yìí máa ń wọlé? Ta ló sì lágbára láti sọ pé kò ní wọlé lọ́dún yìí? Iye èlé ni àwọn tó ń polówó máa ń kọ gàdàgbà. Ìbéèrè méjèèjì yìí ni wọn kì í fẹ́ dáhùn, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ló ń pinnu bóyá oúnjẹ á wà nílé. Ẹni tó ní owó iléèwé ọmọ láti san ní oṣù kẹsàn-án, tó tún ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lóṣooṣù, kò lè fi owó tí yóò dé ní oṣù karùn-ún ọdún tó ń bọ̀ ra nǹkan kan.

Ọ̀nà mẹ́rin ni mo fẹ́ gbé síbi kan náà kí a lè wò wọ́n dáadáa: ṣíà báńkì ńlá, ṣíà ilé-iṣẹ́ ńlá mìíràn, bọ́ǹdì tí ìjọba àpapọ̀ ń tà fún mẹ̀kúnnù (FGN Savings Bond), àti ilé tí à ń gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ ayálégbé. Ẹni tó ń gbé Nàìjíríà tó sì ń ná náírà ni mo ní lọ́kàn, bóyá olùkọ́ tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, tàbí oníṣòwò tí orúnkún kò jẹ́ kó dúró pẹ́ lọ́jà mọ́. Èrò tèmi ni pé bọ́ǹdì ló yẹ kó kọ́kọ́ gbé oúnjẹ oṣooṣù, kí dífídẹ́ǹdì, ìyẹn èrè tí ilé-iṣẹ́ ń pín fún àwọn tó ní ṣíà rẹ̀, tẹ̀lé e láti gbé ohun tí bọ́ǹdì kò lè gbé, ìyẹn ọdún mẹ́wàá tó ń bọ̀. Ẹni tó bá yí i padà lè rí èrè tó pọ̀ lórí ìwé, kó sì máa yáwó ra gàárì ní oṣù kẹjọ.

Owó tí wọ́n jẹ wá, owó tí wọ́n pín fún wa

Bí ẹ bá ra bọ́ǹdì, ẹ ti yá ìjọba lówó. Ọjọ́ tí èlé yóò dé wà nínú ìwé, iye rẹ̀ wà níbẹ̀, kò sì sí ìpàdé kankan tí wọ́n máa ṣe kí wọ́n tó san án. Bí ẹ bá ra ṣíà, ẹ ti di ọ̀kan nínú àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ náà. Ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ kì í gba èlé. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn ti gba tiwọn ló ń pín. Àwọn olùdarí ló ń dábàá iye dífídẹ́ǹdì, ìpàdé gbogbogbòò ọdọọdún ló sì ń fọwọ́ sí i. Òfin ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún ìpàdé náà láyè láti dín iye tí wọ́n dábàá kù, kò fún un láyè láti fi kún un. Bí àwọn olùdarí bá ti ní kò sí, kò sí náà nìyẹn, bó ti wù kí àwọn tó jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn pariwo tó.

Ẹ wo MTN Nigeria. Oṣù karùn-ún 2019 ló wọ ọjà ṣíà ní N90, kò sì pẹ́ tó fi di ààyò àwọn tó ń wá dífídẹ́ǹdì. Fún ọdún 2022, N15.60 ló san lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan. Ó tún san N5.60 ní àárín 2023, lẹ́yìn náà ni owó dákẹ́. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, báńkì àpapọ̀, CBN, tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí N470 gòkè kọjá N1,500 ní 2024, àwọn gbèsè tí ilé-iṣẹ́ náà ní láti fi dọ́là san sì jẹ èrè rẹ̀ tán pátápátá. Kò sí dífídẹ́ǹdì ìparí ọdún fún 2023, kò sí rárá fún 2024. Ó di 2025 kó tó padà. Àwa kò dá ìpè dúró, a kò dá dátà rírà dúró, owó ń wọ àpò ilé-iṣẹ́ náà lójoojúmọ́, síbẹ̀ ẹni tó gbé owó oúnjẹ rẹ̀ lé ṣíà yẹn lo ọdún kan gbáko àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láìrí kọ́bọ̀. Nestlé Nigeria, tí àwọn àgbà ọjà ṣíà máa ń tọ́ka sí pé kì í já èèyàn kulẹ̀, pàdánù ní 2023 àti 2024 nítorí dọ́là yìí kan náà.

Àwọn olùdarí nìkan kọ́ ló ní kọ́kọ́rọ́. Ní oṣù kẹsàn-án 2023, CBN sọ fún àwọn báńkì pé èrè tí wọ́n rí nítorí pé dọ́là gbówó lórí kì í ṣe èrè tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi pín dífídẹ́ǹdì. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹfà 2025, ó tún kọ̀wé sí àwọn báńkì tó ṣì ń fún láyè lórí gbèsè tí kò wọlé, pé kí wọ́n dá dífídẹ́ǹdì dúró ná. Ìpinnu méjèèjì dára fún ẹni tó fi owó pamọ́ sí báńkì. Ẹni tó ni ṣíà ló máa dúró dè é.

N100,000 lóṣù: èló ni ojú owó?

Ẹ jẹ́ ká sọ pé N100,000 lóṣù ni ìdílé kan fẹ́, ìyẹn N1.2 mílíọ̀nù lọ́dún. Fún àwọn ṣíà, mo lo iye tí wọ́n wà ní òpin 2024 àti dífídẹ́ǹdì tí wọ́n san fún ọdún 2024, mo sì ti yọ owó orí 10% tí wọ́n máa ń gé kí owó tó dé ọwọ́ wa. Fún bọ́ǹdì, mo lo 17%, tó sún mọ́ èyí tí ìjọba ń fún ẹni tó ra ti ọdún méjì ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025. Ìjọba kì í gé owó orí nínú èlé rẹ̀. Ti ilé jẹ́ àpẹẹrẹ: ilé tó tó N40 mílíọ̀nù, tó ń mú N2 mílíọ̀nù wọlé lọ́dún.

| | Owó tó ń mú wọlé lọ́dún | Ojú owó fún N1.2 mílíọ̀nù | Ìgbà tó ń dé |
|---|---|---|---|
| FGN Savings Bond | N170 lórí N1,000 | nǹkan bí N7.1 mílíọ̀nù | oṣù mẹ́ta-mẹ́ta |
| Ṣíà GTCO, tó ni GTBank (N57) | N7.23 | nǹkan bí N9.5 mílíọ̀nù | ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún |
| Ṣíà Zenith Bank (N45) | N4.50 | N12 mílíọ̀nù | ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún |
| Ṣíà Dangote Cement (N479) | N27 | nǹkan bí N21.3 mílíọ̀nù | ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún |
| Ilé | N50,000 lórí N1 mílíọ̀nù | N24 mílíọ̀nù, láì ka àtúnṣe | ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún |

Tábìlì yìí wúlò fún nǹkan mìíràn pẹ̀lú. Ẹnikẹ́ni tó bá wá bá yín pé òun ń san ìlọ́po méjì owó yín láàárín oṣù kan, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ nǹkan bí 17% tí ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ń san fún odidi ọdún kan ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025. Ohun tí CBEX ṣèlérí nìyẹn kó tó wó ní oṣù kẹrin 2025, tí àwọn èèyàn fi ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ n'Íbàdàn. SEC, àjọ tó ń mójú tó ọjà ìdókòwò, sọ pé kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun.

Bọ́ǹdì: ohun tó ṣe dáadáa, àti ibi tó ti ń já wa kulẹ̀

Oṣù kẹta 2017 ni DMO, ọ́fíìsì tó ń bójú tó gbèsè ìjọba àpapọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ta FGN Savings Bond. N5,000 ni ó kéré jù, N50 mílíọ̀nù ni ó pọ̀ jù, ti ọdún méjì àti ti ọdún mẹ́ta ló wà, oṣooṣù ni wọ́n sì ń ta tuntun. Ọ̀dọ̀ alágbàtà ọjà ṣíà tí DMO fọwọ́ sí ni a ti ń rà á. Èlé ń wọ àkáǹtì báńkì yín ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Bí ọdún rẹ̀ bá pé, ojú owó yín á padà láìdín kọ́bọ̀.

Ọgbọ́n kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń wá owó oṣooṣù mọ̀. Nítorí pé oṣooṣù ni wọ́n ń tà á, ẹ má fi gbogbo owó ra ti oṣù kan. Ẹni tó ní N3 mílíọ̀nù lè fi mílíọ̀nù kan ra ti oṣù kìn-ín-ní, mílíọ̀nù kan ra ti oṣù kejì, mílíọ̀nù kan ra ti oṣù kẹta. Ti àkọ́kọ́ á máa san ní oṣù kẹrin, keje, kẹwàá àti oṣù kìn-ín-ní. Ti èkejì ní oṣù karùn-ún, kẹjọ, kọkànlá àti oṣù kejì. Ti ẹ̀kẹta ní àwọn oṣù tó kù. Lórí 17%, N42,500 ni yóò máa wọlé lóṣooṣù, láìsí oṣù kan tó ṣófo. Kò sí ṣíà kan nínú ọjà Èkó tó lè fún yín ní irú ètò bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìlérí yìí ní òpin, ọdún méjì tàbí mẹ́ta péré ni. Ní ìparí 2020, nígbà tí èlé wó lulẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, èyí tí ìjọba ń san lórí Savings Bond kò tó 5%. Ẹni tí bọ́ǹdì rẹ̀ parí ní àkókò yẹn, tó fẹ́ ra òmíràn, bá ara rẹ̀ nínú ìṣòro tí kò fojú sọ́nà fún. Ojú owó N7.1 mílíọ̀nù tó ń mú N100,000 wọlé lóṣù lórí 17% kò ní mú N30,000 wọlé lóṣù ní 5%. Owó náà kò sọnù, àmọ́ kò tó gbé ilé mọ́.

Ọ̀wọ́n ọjà ni ìkejì. Ní oṣù kejìlá 2024, iye tí àjọ oníṣirò orílẹ̀-èdè, NBS, gbé jáde fún bí nǹkan ṣe gbówó lórí láàárín ọdún kan jẹ́ 34.80%. Ẹni tó ń gba 17% nígbà náà ń gba owó rẹ̀ déédéé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìrẹsì tí owó náà lè rà ń dín kù lóṣooṣù, ojú owó tí yóò padà gbà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta náà ń dín kù bákan náà. Bọ́ǹdì kì í dàgbà. Iye tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í san náà ló máa san dé ọjọ́ ìkẹyìn.

Àwọn tí ẹ̀sìn wọn kò fàyè gba èlé ní Sukuk tí ìjọba àpapọ̀ náà ń tà láti 2017. N10,000 ló bẹ̀rẹ̀, oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ló ń san, owó tí wọ́n rí níbẹ̀ sì ń lọ sórí ọ̀nà ọkọ̀. Ó gùn ju Savings Bond lọ: ọdún méje ni ti àkọ́kọ́. Fún ẹni tó bá rí i rà nígbà tí owó tó ń san ga, gígùn yẹn gan-an ni àǹfààní rẹ̀, torí kò ní bá ìṣòro 2020 pàdé láìpẹ́.

Báńkì méjì, sìmẹ́ńtì kan

Ibi tí dífídẹ́ǹdì ti ju bọ́ǹdì lọ ni pé ó lè dàgbà. Zenith Bank san N2.80 fún ọdún 2018 àti 2019, N3 fún 2020, N3.10 fún 2021, N3.20 fún 2022, N4 fún 2023, N5 fún 2024. Dangote Cement san N16 fún 2018 títí dé 2020, N20 fún 2021 àti 2022, N30 fún 2023 àti 2024. Àwọn ẹni tó ni ṣíà wọ̀nyí kò fi kọ́bọ̀ kún ojú owó wọn kí wọ́n tó rí èyí. Ṣíà Dangote Cement fúnra rẹ̀ kò tó N200 ní òpin 2018. Ó ti ju N470 lọ ní òpin 2024.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé èyí borí ọ̀wọ́n ọjà o. N5 ọdún 2024 kò lè ra ohun tí N2.80 rà ní 2018, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ń ra epo pupa. Ohun tí mo ń sọ ni pé ó rìn, nígbà tí bọ́ǹdì dúró sójú kan.

GTCO wá yàtọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. N3 ló san fún 2020 àti 2021, N3.10 fún 2022, N3.20 fún 2023. Ní 2024 ó fò sókè sí N8.03. Tábìlì tó wà lókè ti jẹ́ kó dà bíi pé GTCO ló dára jù nínú àwọn ṣíà, torí N8.03 ni mo fi ṣírò. Ẹ tún un ṣírò pẹ̀lú N3.20 ti ọdún tó ṣáájú: lẹ́yìn owó orí, N2.88 ló kù, ojú owó tí ẹ nílò fún N1.2 mílíọ̀nù á sì di nǹkan bíi N23.8 mílíọ̀nù. Láti N9.5 mílíọ̀nù dé N23.8 mílíọ̀nù, ilé-iṣẹ́ kan náà, iye ṣíà kan náà, ọdún kan péré ló yàtọ̀. Èrè 2024 yẹn ní owó ńlá nínú tó jẹ́ ti ìyípadà náírà, kì í ṣe ti iṣẹ́ tí báńkì ń ṣe lójoojúmọ́.

Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ṣíà kan lè gbé, ẹ kọ dífídẹ́ǹdì ọdún márùn-ún sílẹ̀, kí ẹ tò ó láti kékeré sí ńlá, kí ẹ fi èyí tó wà láàárín ṣírò. Ti Zenith láti 2020 sí 2024 jẹ́ N3.20. Ti GTCO jẹ́ N3.10. Ó ti yí padà: bó ṣe jẹ́ pé N45 ni Zenith, tí GTCO sì jẹ́ N57, Zenith ló gbé owó tó pọ̀ jù lórí náírà kọ̀ọ̀kan, ó sì tún gòkè díẹ̀díẹ̀ láìfò. Fún ẹni tó ń wá owó tó dúró déédéé, èmi á mú ẹni tó ń rìn ṣáájú ẹni tó ń fò, bí ẹni tó ń fò bá tilẹ̀ ga jù lọ́dún yìí.

Báńkì méjèèjì máa ń san lẹ́ẹ̀mejì: díẹ̀ lẹ́yìn àárín ọdún, èyí tó pọ̀ lẹ́yìn ìpàdé ọdọọdún, bí igi kòkó ṣe ní ìkórè kékeré àti ìkórè ńlá. Ti kékeré sábà máa ń bọ́ sí oṣù kẹsàn-án, ìyẹn ìgbà tí iléèwé ń wọlé. Ní 2024, N1 ni kékeré Zenith, N4 ni ńlá. Ẹni tó bá pín N5 sí méjì dọ́gba-dọ́gba nínú ìwé ètò rẹ̀ á rí i pé owó oṣù kẹsàn-án kò tó.

Mo ní láti sọ̀rọ̀ nípa ewu báńkì, torí àwọn tó jìyà rẹ̀ ṣì wà láàárín wa. Ní oṣù kẹta 2008, òṣùwọ̀n gbogbo ọjà ṣíà Èkó ga kọjá 66,000. Nígbà tó fi máa di 2009 ó ti wá sísàlẹ̀ 20,000, ó sì di 2023 kó tó padà síbi tó ti wà. Lábẹ́ ìdààmú yẹn ni Afribank, Spring Bank àti BankPHB wọ̀. Ní oṣù kẹjọ 2011, ìjọba gba ìwé àṣẹ wọn, ó gbé owó àwọn tó fi pamọ́ sí báńkì tuntun. Àwọn tó fi owó pamọ́ rí owó wọn gbà. Àwọn tó ni ṣíà kò rí nǹkan kan. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kí ṣíà báńkì má ju ìdajì gbogbo ṣíà tí ènìyàn ní lọ, bí dífídẹ́ǹdì wọn ti wù kó dùn tó.

Ohun kékeré kan tó máa ń ya àwọn tuntun lẹ́nu: ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé kí ọjọ́ tí wọ́n ń ti ìwé orúkọ tó dé ló ní dífídẹ́ǹdì. Rírà ṣíà ní ọjọ́ kan ṣáájú kò tó, torí ó ń gba ọjọ́ díẹ̀ kí ìdúnàádúrà tó parí. Bí dífídẹ́ǹdì bá sì ti bọ́ sílẹ̀, ọjà náà máa ń yọ iye yẹn nínú owó ṣíà. Ẹni tó ra kó lè gba dífídẹ́ǹdì kó sì tà lọ́jọ́ kejì kò jèrè, ó tún sanwó alágbàtà lẹ́ẹ̀mejì.

Ilé

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé ilé nìkan ni ohun ìní gidi. N kò ní jiyàn pé ilé kò ní iyì. Ṣùgbọ́n bí owó tó ń wọlé déédéé bá ni ohun tí a ń wá, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ọdún tí òrùlé jò, oṣù tí yàrá ṣófo, owó Land Use Charge l'Ékòó, ti agbẹjọ́rò, ayálégbé tó kọ̀ tí kò san tí kò sì kó jáde. Òfin ilé gbígbé ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 ní kí onílé má gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun ní àwọn àdúgbò tó kàn. Owó náà máa ń dé lẹ́ẹ̀kan, a sì máa ń ná an lẹ́ẹ̀kan. Àǹfààní ilé ni pé a lè fi kún owó rẹ̀ bí ọjà bá wọ́n, a sì lè gbé inú rẹ̀.

REIT ni ọ̀nà àárín: ọ̀pọ̀ èèyàn dá owó jọ, alámòójútó fi ra ilé, ó ń gba owó lọ́wọ́ ayálégbé, ó sì ń pín in. Finance Act 2019 gbé e kalẹ̀ pé bí REIT bá pín ó kéré tán 75% nínú owó ilé àti dífídẹ́ǹdì tó gbà láàárín oṣù 12, kò ní san owó orí ilé-iṣẹ́ lórí rẹ̀, èyí ló ń tì í láti pín. UPDC REIT wà lọ́jà láti 2013. Wọ́n tà á ní N10 fún ẹyọ kan nígbà náà, ó sì ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lábẹ́ iye yẹn, torí àwọn tó ń rà á tó ń tà á kò pọ̀. Ẹni tí kò ní nílò ojú owó rẹ̀ ní kíákíá nìkan ni mo lè ní kó fi díẹ̀ síbẹ̀.

Bí ẹ bá wà lókè òkun

Ẹni tó wà ní Peckham ní London tó ra ṣíà Zenith ní 2018 gba owó tó ń pọ̀ sí i ní náírà, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di 2024, dífídẹ́ǹdì náà kò tó ìdajì iye tó jẹ́ ní pọ́n-ùn. Bí ìnáwó yín bá jẹ́ ní pọ́n-ùn, ẹ wá dífídẹ́ǹdì tó jẹ́ ti pọ́n-ùn: ISA, irú àkáǹtì ìfowópamọ́ àti ìdókòwò kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba £20,000 lọ́dún láìsí owó orí lórí dífídẹ́ǹdì inú rẹ̀, èyí tó wà níta rẹ̀ kò sì ní ju £500 tí wọn kì í gba owó orí lórí rẹ̀, láti oṣù kẹrin 2024. Àmọ́ bí ẹ bá ń fowó ránṣẹ́ sí ìyá yín n'Íjẹ̀bú lóṣooṣù, ọ̀rọ̀ yí padà. Náírà ni màmá ń ná. Bọ́ǹdì tí a pín sí oṣù mẹ́ta bí mo ṣe ṣàlàyé lè máa sanwó oògùn wọn láìjẹ́ pé ẹ ń wo iye tí pọ́n-ùn wà láràárọ̀. Láti 2025 ni ẹni tó wà lókè òkun ti lè gba BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí àwọn báńkì ilẹ̀ wa ń lò, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láìfẹsẹ̀ lọ sí ibùdó kankan.

Ìwé tí kò jẹ́ kí owó sọnù

SEC ti sọ pé dífídẹ́ǹdì tí kò rí ẹni gbà á ti ju N200 bílíọ̀nù lọ. Owó àwọn òbí wa wà nínú rẹ̀, àwọn tó ra ṣíà láàárín 2005 sí 2008 tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Finance Act 2020 sọ pé èyí tí ó bá ti tó ọdún mẹ́fà nínú dífídẹ́ǹdì àwọn ilé-iṣẹ́ orí ọjà ṣíà gbọ́dọ̀ lọ sí àpò kan lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó ni ín ṣì lè béèrè fún un, àmọ́ ọ̀nà rẹ̀ ti gùn sí i.

Ohun tó sábà ń fà á kò ju orúkọ lọ. Obìnrin tó ra ṣíà pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀, tí àkáǹtì báńkì rẹ̀ sì ń jẹ́ orúkọ ọkọ. Adébáyọ̀ tó di Bayo nínú ìwé kejì. Àdírẹ́sì ilé tí wọ́n ti kó kúrò láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ gba fọ́ọ̀mù e-dividend lọ́wọ́ báńkì yín tàbí lọ́wọ́ rẹ́jísítrà, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú ìwé orúkọ àwọn tó ní ṣíà, ẹ kọ BVN àti nọ́ńbà CSCS (ibi tí àkọsílẹ̀ ṣíà yín wà, alágbàtà yín ló máa fún yín ní nọ́ńbà náà) sí i, kí dífídẹ́ǹdì gbogbo ilé-iṣẹ́ máa wọ àkáǹtì kan ṣoṣo. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń yan rẹ́jísítrà tó wù ú, nítorí náà ẹni tó ní ṣíà oríṣi márùn-ún lè ní rẹ́jísítrà mẹ́ta láti bá sọ̀rọ̀.

Kí ẹ tó pa fáìlì náà dé, ẹ bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Ẹni tí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí ibi tí wọ́n kọ «next of kin» kò jogún nǹkan kan nítorí ìyẹn nìkan. Ìwé ìhágún tàbí ìwé àṣẹ láti ilé ẹjọ́ ni rẹ́jísítrà máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ àwọn rẹ́jísítrà, nọ́ńbà CSCS, orúkọ alágbàtà àti oṣù tí bọ́ǹdì kọ̀ọ̀kan máa parí sínú ìwé kan, kí ó kéré tán ẹni méjì nínú ilé mọ ibi tí ìwé náà wà.